Kí Ni Kí N Máa Pe Ọ̀gá Mi?

Ọdún méjì àti oṣù mélòó kan ni mo fi ṣe adelé ọ̀gá ní ilé-ìwé girama kan ní Yábàá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì rí ẹni tí wọ́n máa fi sípò rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ igbákejì rẹ̀ ni wọ́n kọ̀wé sí pé kí n máa bójú tó ilé-ìwé títí wọ́n á fi yan ẹlòmíràn. Ẹni tó mú ìwé náà wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, oṣù mẹ́ta péré ni o. Ẹ kàn bá wa dì í mú."

Èdè Yorùbá ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ kì í kọjá lójú mi kí n má tú u wò. Adelé ni ẹni tó ń bá ẹlòmíràn delé dè é. Bí ìyá kan bá ń lọ sọ́jà, á ní kí aládùúgbò bá òun delé dè òun. Ẹni tó ń delé lè gbálẹ̀, ó lè lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó lè ní kí àlejò jókòó, ṣùgbọ́n kò lè ta àga inú ilé, kò sì lè gun orí ibùsùn onílé. Mo mọ èyí dáadáa. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú kíláàsì láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta di ọdún kan, ọdún kan di méjì, èmi náà sì gbàgbé. Mo lọ sí ọjà Tejúoṣó, mo ra aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé fún ọ́fíìsì. Mo mú àwòrán bàbá mi, ẹni tó ṣe akọ̀wé rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta títí ó fi darúgbó, mo gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́yìn àga mi. Mo gbàgbé pé ilé onílé ni mo ń gbé àwòrán bàbá mi kọ́ sí.

Iṣẹ́ ọ̀gá àti iṣẹ́ igbákejì ni mo ń ṣe pọ̀ nígbà náà. Igbákejì, bí àwọn tó kọ́ mi lédè ṣe ṣàlàyé rẹ̀, igbá kejì ni: igbá tí a là sí méjì, tí ìdajì kan ń dé orí ìdajì kejì. Nígbà tí ọ̀gá àtijọ́ lọ, wọn ò yan igbákejì mìíràn, mo wá di igbá tó ń dé ara rẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń kúrò nílé ní Sùúrùlérè. Mo ń dá àwọn òbí tó ń bínú lóhùn, mo ń wá ẹni tó máa tún òrùlé tó ń jò ṣe, mo ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, mo sì tún ń wọ kíláàsì lọ, torí pé a ò ní tíṣà Yorùbá tó tó. Tí mo bá délé, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lágbára láti bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń pè mí ní ọ̀gá. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní parọ́.

Ọjọ́ Ajé kan ni ìwé dé pé wọ́n ti yan ọ̀gá tuntun. Mo ka orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Mo mọ orúkọ náà. Ọmọ tí mo kọ́ ni. Ní ilé-ìwé mìíràn tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó wà nínú kíláàsì mi fún ọdún mẹ́ta. Mùṣín ni ó ti ń wá, bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn wá sílé-ìwé lójoojúmọ́. Ọmọ tó mọ̀wé ni, tó sì máa ń béèrè ìbéèrè títí agogo á fi lù. Èmi ni mo kọ́ ọ pé "ìwọ" ni a ń sọ fún ẹgbẹ́ ẹni àti ọmọdé, pé "ẹ̀yin" ni a ń sọ fún àgbà. Mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ. Ó sì ku ọdún kan àti ààbọ̀ kí èmi fẹ̀yìn tì.

Inú ò bí mi lọ́jọ́ náà. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn, tó dé òkè tán, tí wọ́n wá sọ fún un pé kì í ṣe ilé yẹn, ilé kejì ni.

Ní ọjọ́ tó dé, ó wọ kóòtù dúdú, ó sì de táì. Àwọn tíṣà ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kí i. Bó ṣe rí mi báyìí, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, níṣojú gbogbo wọn.

"Tíṣà mi! Ẹ ṣì wà níbí, mà?"

Ó fi ìfẹ́ sọ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "ṣì" yẹn bọ́ sí mi láyà bí òkúta kékeré.

"Dìde, dìde," ni mo wí. "O ti ba aṣọ rẹ..." Mo dánu dúró. Àwọn tíṣà ń wò mí. "Ẹ dìde. Ẹ ti ba aṣọ yín jẹ́."

Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà kékeré rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá tuntun náà dìde, ó gbọn eruku dànù ní orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì fún un, mo ṣàlàyé ibi tí gbogbo ìwé wà. Mo sọ àwòrán bàbá mi kalẹ̀, mo fi bébà ìwé ìròyìn wé e. Nígbà tí mo fẹ́ tú aṣọ fèrèsé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó dára." Mo fi í sílẹ̀. Mo padà sí ọ́fíìsì igbákejì, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ. Ọdún méjì ni ẹnikẹ́ni ò fi jókòó níbẹ̀, wọ́n ti kó àwọn tábìlì fífọ́ kún un.

Láti ọjọ́ kejì ni ìṣòro orúkọ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n máa pè é? Ẹnu mi ò lè pè é ní ọ̀gá. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà wọ́n. Ní Èkó yìí, ta ni kì í ṣe ọ̀gá? Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ń pe ẹni tó ń ta káàdì ní ọ̀gá, ẹni tó ń ta káàdì náà sì ń pè é ní ọ̀gá padà. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé inú "ga" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé ẹni tó ga ju àwọn yòókù lọ ni ọ̀gá. Ohùn àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bá ara mu tó lójú tèmi, mi ò lè búra sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ènìyàn bá rẹ ohùn ìparí rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá á di ọ̀gà, ẹranko tó ń pa àwọ̀ dà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ṣì í pè gan-an, mo sì máa ń tún un ṣe fún wọn. Ní àkókò yìí, tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ṣì í pè, mi ò tún un ṣe mọ́.

Mo gbìyànjú "sà". Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, mo rò pé kò ní í wọ̀ mí lára. Àṣìṣe mi ni pé mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀-èdè ńlá tó wà ní yàrá ìkàwé wa. Mo bá a níbẹ̀ pé nígbà tí a bá tọpa ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́yìn dé ìpilẹ̀, àgbà ló túmọ̀ sí, ẹni tó dàgbà ju ẹlòmíràn lọ. Mo pa ìwé náà dé. Ẹni tí mo kọ́ bí a ṣe ń kọ àròkọ ni mo fẹ́ máa pè ní àgbà mi.

Èyí tó le jù ni "ẹ". Ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Tí mo bá wọ kíláàsì tí mo ní "ẹ jókòó", ogójì ọmọ ló ń jókòó. Tí a bá sọ ọ́ fún àgbà kan ṣoṣo, a kà á sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn, a fi ẹnu wa sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè wúwo lójú wa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ka ọmọ tí mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn? Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ọ̀gá ilé-ìwé lójú, níṣojú àwọn tíṣà, kí n ní "ìwọ"?

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún gbogbo rẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fo kòtò. Dípò kí n sọ pé "ẹ ti gba ìwé yín", màá ní, "Ìwé ti dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ó wà lórí tábìlì." Dípò kí n béèrè pé "ṣé ẹ máa wá sípàdé?", màá ní, "Ṣé ìpàdé ṣì wà?" Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, ẹ máa rí i bó ṣe ń tánni lókun. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, orí mi á ti máa fọ́, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́.

Òun náà ń jìyà tirẹ̀. Kò lè pàṣẹ fún mi. Tó bá fẹ́ kí n ṣe ètò ìdánwò, á wá sẹ́nu ọ̀nà mi, á dúró, á máa fọwọ́ pa ọwọ́, á ní, "Mà, tí kò bá ní í ni yín lára, tí ẹ bá ráyè, ẹ jọ̀ọ́..." Iṣẹ́ tó yẹ kó parí lọ́jọ́ kan á gba ọ̀sẹ̀ kan, torí pé kò sọ ọjọ́ tó fẹ́ ẹ, èmi náà ò sì béèrè. Nígbà tó yá, ó rí ọ̀nà àbáyọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀. Nínú èdè yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọba, ọmọdé àti ajá tí wọ́n bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó máa ń fi Yorùbá kí mi láàárọ̀, á tẹ̀ ba dáadáa, á béèrè àlàáfíà ilé, lẹ́yìn náà á yí èdè padà, ohùn rẹ̀ náà á sì yí. Ó wá di pé tí mo bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀, mo mọ̀ pé àṣẹ ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún wá sẹ́nu ọ̀nà mi mọ́. Ó ń kọ ọ́ sínú bébà, akọ̀wé rẹ̀ á sì gbé e wá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún odidi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan àti ààbọ̀. Títí ọjọ́ ìpàdé yẹn.

Gbogbo tíṣà ló pé jọ sí gbọ̀ngàn. Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ láti wo bí a ṣe ń ṣe ètò kíláàsì, ó jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan. Ọ̀gá dìde, ó ka ètò tuntun sókè. Ó dé orí Yorùbá, ó ní dípò ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ kíláàsì àgbà á máa ṣe é, kí wọ́n lè fi ẹ̀ẹ̀mejì tó kù kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ fún mi. Mo nawọ́. Kò rí mi, tàbí ó rí mi, kò fẹ́ kó di ọ̀rọ̀ níṣojú àlejò. Mo dìde dúró. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó ń kà á lọ. Ó ti dé orí ìṣirò.

Mi ò mọ ibi tí ohùn náà ti jáde. Ohùn tí mo fi ń kọ́ kíláàsì ni, ohùn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

"O ò gbọ́ ohun tí mo ń sọ ni? Jókòó! Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán!"

Ó jókòó.

Títí di òní, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Kì í ṣe ohun tí mo sọ. Ó jókòó lóòótọ́, kíá, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí itan bí ọmọ kíláàsì kẹta. Bóyá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀ kí ara rẹ̀ tó jí. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń yí padà. Ó tún dìde. Obìnrin ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ṣí bírò rẹ̀, ó kọ nǹkan kan. Èmi náà ò rántí ohun tí mo fẹ́ sọ mọ́. Mo jókòó, ìpàdé sì ń lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, akọ̀wé gbé àpò ìwé kan wá fún mi, kò sì lè wo ojú mi. Kúẹ́rì ni. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ bí ìwé yẹn ṣe máa ń rí: sọ ohun tó fà á tí o fi ṣe báyìí, sọ ìdí tí a ò fi ní í bá ọ wí, o ní ọjọ́ méjì láti fèsì. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò fún mi ní kúẹ́rì rí. Bàbá mi náà ṣiṣẹ́ ní rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó máa ń fi yangàn fún wa pé òun ò gbà á rí.

Mo gbé e lọ sílé. Nígbà tí mo dé láti ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, mo tẹ́ ẹ síwájú. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan, "insubordination", ni wọ́n fi pe ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo tú u palẹ̀ bí mo ṣe máa ń tú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Apá kan nínú rẹ̀ túmọ̀ sí "kì í ṣe", apá kan túmọ̀ sí "abẹ́", apá tó kù jẹ mọ́ títo nǹkan. Ẹni tí wọ́n tò sábẹ́, tí kò dúró síbi tí wọ́n tò ó sí. Ó yé mi. Mo wá fẹ́ mọ orúkọ tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ń jẹ́ nínú èdè mi, kí n lè mọ ohun tí mò ń tọrọ àforíjì fún.

Mo kọ "àfojúdi" sórí bébà. Kì í ṣe òun. Ọmọdé ló ń fojú di àgbà. Mo kọ "àrífín". Ẹni kékeré ló ń rí ẹni ńlá fín. Mo kọ "àìgbọràn". Ọmọ ni, tàbí ìyàwó, tàbí ìránṣẹ́. "Ọ̀tẹ̀" pọ̀ jù fún jíjókòó àti dídìde. Àgbà lè fi ìwọ̀sí lọ ọmọdé, ìyẹn wà, ṣùgbọ́n ta ló máa ń kọ ìwé sí àgbà nítorí rẹ̀? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo rí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń wòkè, ọjọ́ orí ló sì ń sọ èwo ni òkè. Àwọn baba wa ò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún ìyá arúgbó tó jágbe mọ́ ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ tó kọ́. Wọn ò rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Mo fi bírò sílẹ̀, mo sì sunkún díẹ̀, kì í ṣe nítorí ìwé náà gan-an. Ó dà bíi pé mo ti rìn jáde kúrò ní ibi tí èdè mi mọ.

Nígbà tí mo nu ojú tán, mo kọ ìlà mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní mo ṣi ohùn lò níṣojú àlejò, mo ní mo tọrọ àforíjì, mo ní kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo fọwọ́ sí i. Mo fi í ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Òun ni. Kò wọ kóòtù. Bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀, ó gbé ọsàn sínú ọ̀rá lọ́wọ́. Mo ní kó wọlé. Àga mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ mi. Kò jókòó sórí ọ̀kankan. Àpótí kékeré tí mo fi ń gbé ẹsẹ̀ lé ló fà mọ́ra, ó sì jókòó sórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àyà rẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú."

"Ìwé ni o kọ. Mo sì ti fèsì."

"Ìyá tó wá láti ọ́fíìsì ni. Wọ́n pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní tí mi ò bá kọ ọ́, àwọn máa kọ̀wé pé mi ò lágbára láti ṣe ọ̀gá. Kí ni mo fẹ́ ṣe, mà?"

Ó wo ilẹ̀.

"Nígbà tí ẹ ní kí n jókòó," ni ó wí, "etí mi ò tíì gbọ́ kí ẹsẹ̀ mi tó gbọ́. Ìyàwó mi fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan ẹ̀rín, mà. Tí mo bá sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, ojú yín ni àwọn tíṣà kọ́kọ́ máa ń wò. Aṣọ fèrèsé yín ló wà níbẹ̀. Ibi tí ẹ gbé àwòrán Bàbá kọ́ sí ṣì funfun lára ògiri. Ó dà bíi pé ẹ̀yin lẹ lọ sọ́jà, tí ẹ ní kí n bá yín delé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé màá rẹ́rìn-ín. Mo sọ ohun tí mo ti ń fo lórí fún oṣù mẹ́fà fún un: pé mi ò mọ ohun tí mo lè pè é, pé gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà lórí, kí "ìwọ" tàbí "ẹ̀yin" má bàa bọ́ sínú rẹ̀.

"Mo kíyè sí i, mà. Mo rò pé ẹ kórìíra mi ni."

"Ìwọ ńkọ́, tí o ń fi òyìnbó pàṣẹ fún mi?"

Ó fọwọ́ bo ojú. "Mi ò lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Tí mo bá fẹ́ sọ pé 'ẹ ṣe é kó tó di ọ̀la', ó ń dà bíi pé ìyá mi ni mò ń rán níṣẹ́."

Mo bó ọsàn kan fún un, mo bó ọ̀kan fún ara mi. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Tó bá jẹ́ àwa méjì nìkan, ẹ máa pè mí ní ìwọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Tí èèyàn bá wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ pè mí ní ọ̀gá ilé-ìwé. Ilé-ìwé lẹ ń pè, kì í ṣe èmi."

Mo rò ó wò, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Ipò kì í ṣe ènìyàn. Ààyè ni. Ènìyàn á dúró síbẹ̀, á kúrò, ẹlòmíràn á rọ́pò rẹ̀, ààyè náà á ṣì wà. Èmi tí mo ń kọ́ni lọ́rọ̀ ni ọmọ tí mo kọ́ wá ń tú ọ̀rọ̀ fún ní pálọ̀ mi.

"Ó dáa," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ pàṣẹ fún mi, fi Yorùbá pa á. Sọ ọjọ́ tí o fẹ́ ẹ. Mi ò ní í kú."

"Mo gbọ́, mà."

"Ìgbà mẹ́rin tí a ń kọ́ Yorùbá lọ́sẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. "Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi, mà. Òkè ló ti wá."

Mi ò bá a jà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà ló wà títí mo fi kúrò. Kúẹ́rì náà kò jáde nínú fáìlì mi, torí pé wọn kì í yọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà mẹ́ta tí mo fi fèsì, lẹ́yìn gbogbo ìwé ìgbóríyìn tí wọ́n ti kọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Mi ò ní í sọ pé kò dùn mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó ń wá sẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, "Mà, ẹ bá mi parí ètò ìdánwò yẹn kó tó di Ọjọ́bọ̀." Ohùn rẹ̀ á gbọ̀n díẹ̀ lórí "Ọjọ́bọ̀", ṣùgbọ́n á sọ ọ́ tán. Èmi náà á ní, "Mo gbọ́." Tí àwọn tíṣà bá wà níbẹ̀, màá ní, "Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é." Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n dẹ́kun àti máa wo ojú mi nínú ìpàdé. Ó gba àkókò. Ó dùn mí díẹ̀ ní ọjọ́ tí mo kíyè sí i pé wọn ò wò mí mọ́, orí mi sì fúyẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Mo sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní sáà tí mo lò gbẹ̀yìn, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Kò rọrùn fún mi láti dúró tí àwọn ọmọ bá tò láàárọ̀ láti gbàdúrà àti láti gbọ́ ìkéde. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde, mo bá àga kan lórí pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀gá máa ń dúró sí. Òun ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Mo dúró wò ó. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ló wà níwájú wa, gbogbo tíṣà wà lórí ìdúró, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ wà lórí ìdúró, èmi nìkan ni wọ́n fẹ́ kí n jókòó. Nínú èdè tí mo ń kọ́ni, ẹni tó ni àga ni alága. Mo rí i bí àwọn tíṣà méjì ṣe ń wo ara wọn.

"Ẹ jókòó, mà," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Ká ní ọdún tó kọjá ni, ǹ bá ti rò ó síwá sẹ́yìn: ṣé ọ̀wọ̀ ni, àbí wọ́n ń fi hàn pé mo ti dàgbà jù? Ṣé àga ọlá ni, àbí ti aláìsàn? Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí, aago méje àbọ̀ ni, mo sì ní kíláàsì méjì kí n tó lè mu omi. Mo jókòó. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tó yá, oòrùn yí kan ojú mi, mo dìde díẹ̀, mo fa àga náà sẹ́yìn sábẹ́ òjìji òrùlé, mo sì tún jókòó.